Bí A Ṣe Ń Dá Àìsàn Adìẹ Mọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Kẹ́ ẹ tó sáré lọ ra oògùn, ìgbẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Láàárọ̀ kùtù, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ilé adìẹ, kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n yà lóru. Ìgbẹ́ adìẹ tára rẹ̀ le máa ń ki, funfun díẹ̀ á sì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ ó rí èyí tó rọ̀, tó pọ́n bíi kọfí, tó ń rùn gan-an. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá èyí tó dá dúró, tó fi apá wọ́lẹ̀, tó ń tòògbé nígbà tí àwọn yòókù ń sáré sí oúnjẹ. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ bójú tó àwọn tára wọn le, kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, pàápàá ti òròmọdìẹ ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, coccidiosis ni kẹ́ ẹ fura sí. Kòkòrò inú ìfun ló ń fà á, ilẹ̀ tútù ló sì ń mú un gbilẹ̀. Ẹ po oògùn tó ń jẹ́ Amprolium sínú omi wọn bí ìwé ara rẹ̀ ṣe wí, ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 5 sí 7, kó má sí omi mìíràn nítòsí. Ẹ má fi fítámì B1 kún un, ó ń dí oògùn náà lọ́wọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé wọ́n á lo oògùn, àmọ́ abẹ́ ìkòkò omi ṣì rin gbingbin. Ẹ kó gbogbo èyí tó tutù dànù, kẹ́ ẹ tẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó gbígbẹ.

Ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn tó lọ́, ẹnu tó ń yà láti mí, kí wọ́n sì máa kú lọ́tùn-ún lósì: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lùkúlùkú, ìyẹn Newcastle. Kò sí oògùn tó ń wò ó, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní in, owó yín ló ń wá. Àjẹsára ṣáájú àkókò nìkan ló ń gbà wọ́n. Fúlúù ẹyẹ máa ń jọ ọ́, ó sì lè ran ènìyàn, nítorí náà ẹ má pa adìẹ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ jẹ, ẹ má tà á, ẹ má fọwọ́ lásán kan òkú rẹ̀. Ẹ pe dókítà ẹranko.

Èépá dúdú lórí ogbe àti ẹ̀bá ojú kò tó ìjayà: ṣọ̀pọ̀ná adìẹ ni, ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Ẹ má ṣí èépá náà. Ẹ fi ayodíìn pa á. Tó bá ti wọ inú ẹnu, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn. Bákan náà ni sísín tí kò dá àti ojú tó ń hó.

Oògùn yòówù tẹ́ ẹ bá lò, ẹ wo ara rẹ̀ fún iye ọjọ́ tó yẹ kó kọjá kẹ́ ẹ tó jẹ ẹyin tàbí ẹran wọn.