Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Tẹ́lẹ̀ Bóyá Ọ̀rọ̀ Kàríbù Máa Dá Iṣẹ́ Ìwakùsà Dúró ní Àríwá Kánádà

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ kàwé nípa ilẹ̀ àti àpáta, tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ní àríwá Kánádà, bẹ́ ẹ bá pè mí, ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa ń béèrè ni bí góòlù tàbí dáyámọ́ńdì ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹranko tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Yellowknife, olú ìlú Northwest Territories, ni mò ń gbé, apá tó jẹ mọ́ ẹranko nínú ìwé táwọn ilé-iṣẹ́ ìwakùsà fi ń tọrọ àṣẹ ni mo sì ń kà. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tó ti gba owó gọbọi máa ń há sí.

Ẹranko tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù níbí ni kàríbù, ẹran oníwo tó fara jọ àgbọ̀nrín, tó máa ń fi inú igbó sílẹ̀ lágbo-lágbo lọ bímọ ní pápá tí kò nígi ní àríwá lọ́hùn-ún. Agbo tí wọ́n ń pè ní Bathurst tó nǹkan bí 470,000 lọ́dún 1986. Lọ́dún 2018, ó ku nǹkan bí 8,200. Nígbà tí wọ́n tún kà á ní 2021, nǹkan bí 6,240 ni wọ́n bá nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún iye yẹn kà. Àwọn Tłı̨chǫ, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Dene tó ti ń gbé ilẹ̀ yìí, tó sì ń jẹ ẹran yìí láti ayébáyé, ti gbà láti má ṣọdẹ agbo náà mọ́. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá wá dé, tó ní òun fẹ́ la ọ̀nà gba àárín ilẹ̀ ìrìn wọn, ẹ ó rí ìdí táwọn àgbààgbà fi ń fi omijé sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé.

Ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ wádìí ipò tí òfin fi ẹranko náà sí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni Species at Risk Act ti ọdún 2002. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní COSEWIC ló ń dámọ̀ràn, ìjọba ló ń fi orúkọ ẹranko sínú ìwé òfin. Ẹ má ṣe pa méjèèjì pọ̀, torí ọdún púpọ̀ lè wà láàárín wọn. COSEWIC sọ ní 2016 pé kàríbù pápá wà nínú ewu. Northwest Territories fi í sínú ìwé tiwọn ní 2018. Kàríbù inú igbó ti wà nínú ìwé ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀.

Bí orúkọ ẹranko bá ti wọ ìwé, òfin àpapọ̀ ò torí ìyẹn nìkan sọ pé kí iṣẹ́ dúró. Ohun tí abala 79 sọ ni pé ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò gbọ́dọ̀ fi tó mínísítà létí, kó sọ ìpalára tó lè ṣe, kó sì rí i dájú pé wọ́n gbé ìgbésẹ̀ láti yẹra fún un tàbí láti dín in kù, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn náà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ẹranko tó wà nínú ewu ti pa iṣẹ́ kan, ẹ bi í pé ìgbésẹ̀ wo ni ilé-iṣẹ́ náà gbé tí kò tó.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ góòlù Back River ní Nunavut, agbègbè tó bá tiwa pààlà ní ìlà-oòrùn. Ní oṣù kẹfà 2016, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò níbẹ̀, Nunavut Impact Review Board, ní kí wọ́n má ṣe fọwọ́ sí i. Kàríbù wà lára ohun tó jẹ wọ́n lógún jù. Ní oṣù kìíní 2017, mínísítà ìjọba àpapọ̀ dá ìwé náà padà pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ilé-iṣẹ́ náà padà wá pẹ̀lú ètò ààbò tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìgbìmọ̀ gbà ní oṣù keje, mínísítà fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá. Ilẹ̀ náà ni, góòlù náà ni, kàríbù náà ni. Ètò ló yàtọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ètò tó dúró dáadáa? Bí mo bá ti rí gbólóhùn bíi “a máa dín iṣẹ́ kù bó bá ti yẹ”, bírò pupa ni mo fi ń fàlà sí i nídìí, màá wá kọ ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kàríbù mélòó? Kìlómítà mélòó sí ojú ọ̀nà? Ta ló ń ṣọ́ wọn? Ta ló láṣẹ láti dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró lójú ẹsẹ̀, láìkọ́kọ́ pe ọ̀gá kankan ní Toronto? Iye kàríbù tó máa dá iṣẹ́ dúró gbọ́dọ̀ kéré nígbà tí abo bá lóyún tàbí tó ní ọmọ lẹ́yìn. Ètò náà tún gbọ́dọ̀ sọ bí òkìtì yìnyín tí katapílà ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ṣe máa ga mọ, torí bó bá ga jù, ẹran á dúró síbẹ̀ á máa wò, kò ní kọjá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya máàpù. Kì í ṣe máàpù kòtò ìwakùsà nìkan o! Gbogbo ilẹ̀ ìrìn agbo náà ni, pẹ̀lú ipa ọ̀nà àwọn kàríbù tí wọ́n so ẹ̀rọ atọpinpin mọ́ lọ́rùn, kẹ́ ẹ yà á ní àsìkò-àsìkò. Àwọn olùwádìí rí i ní agbègbè Ekati àti Diavik, níbi tí wọ́n ti wa dáyámọ́ńdì, pé kàríbù ń yẹra fún ibẹ̀ dé nǹkan bíi kìlómítà 14. Kàríbù inú igbó ní ìṣirò tirẹ̀: ìjọba àpapọ̀ ń ka mítà 500 yí ká ibi táwọn èèyàn ti bà jẹ́ mọ́ ọn, wọ́n sì fẹ́ kí ó kéré tán ìpín 65 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ wọn wà láìbàjẹ́. Ẹ wá fi kòtò àti ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù kún un. Ìgbà yẹn lẹ máa rí i bóyá ààyè ṣì kù fún tiyín.

Ẹ má rò pé ẹranko tí kò sí nínú ìwé òfin ò lè dá yín dúró. Ilé-iṣẹ́ Baffinland fẹ́ sọ irin tó ń kó láti Mary River, ní Nunavut kan náà, di ìlọ́po méjì, láti mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 6 sí 12 lọ́dún, pẹ̀lú ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi púpọ̀ sí i. Narwhal, ẹran omi tí àwọn ọdẹ Pond Inlet ń jẹ, ò sí nínú ìwé òfin àpapọ̀ nígbà náà. Síbẹ̀, àwọn ọdẹ sọ ohun tí ojú wọn rí, ìgbìmọ̀ ní rárá ní oṣù karùn-ún 2022, Dan Vandal, mínísítà ọ̀rọ̀ àríwá nígbà náà, sì kọ̀ ọ́ ní oṣù kọkànlá.

Torí náà, ẹ tètè lọ bá àwọn ọdẹ, kẹ́ ẹ tó fa ìlà ọ̀nà yín rárá. Kí ilé-iṣẹ́ tẹ ìwé aláwọ̀ mèremère tán kó tó wá pe ìpàdé, mi ò ka ìyẹn sí ìfikùnlukùn. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà, ẹ mu tíì wọn, ẹ gbé máàpù òfìfo síwájú wọn, ẹ fún wọn ní bírò. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ mi pé kí èèyàn jẹ́ kí àwọn aṣíwájú agbo kọjá láìdí wọn lọ́wọ́, torí bí wọ́n bá ṣẹ́rí padà, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tẹ̀ lé wọn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn wọnú ètò ìdádúró ọkọ̀ yín bó ṣe wà.

Bí ibi ìbímọ kàríbù bá bọ́ sínú ààlà ilẹ̀ yín, ẹ sọ fún ọ̀gá yín kí wọ́n tó gbẹ́ ihò mìíràn. Ìwé àwọn ìgbìmọ̀ yìí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìròyìn Back River ti 2016, kẹ́ ẹ gbé ti 2017 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa sàmì sí gbogbo ibi tí ètò ti yí padà.