Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Tí Ìdílé Bá Ń Lọ sí Erékùṣù Kírétè

Orúkọ Kírétè kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń ka Bíbélì. Ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù fi Títù sí kó máa tún ohun tó kù ṣe. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé wa tó ń gbéra láti ìlú Ọba lọ síbẹ̀ lásìkò ìsinmi kò mọ bí erékùṣù náà ṣe tóbi tó. Òun ló tóbi jù nínú gbogbo erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì. Láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ tó 260 kìlómítà, òkè ńláńlá ló sì wà láàárín. Òkè Psiloritis nìkan ga tó mítà 2,456.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì á rí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí kò wọ́n lọ sí ìlú Heraklion láàárín erékùṣù náà, á wá lọ gba hòtẹ́ẹ̀lì sí ìlú Chania ní ìwọ̀-oòrùn, torí pé méjèèjì fara kanra lójú máàpù. Ó lé ní 130 kìlómítà o. Bí bàálù bá balẹ̀ láago mọ́kànlá alẹ́, tí oorun ti ń kun ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ṣì ku wákàtí méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú títì. Apá kan ni kí ẹ mú. Ẹni tó bá dé sí Chania ní etíkun Elafonisi àti Balos láti wò. Kó fi igbó ọ̀pẹ Vai tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn sílẹ̀ fún ọdún míì, torí àtilọ nìkan tó wákàtí márùn-ún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe físà Gíríìsì. Físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, lẹ máa gbà, ti ọmọ lọ́tọ̀. Ẹ gbà á ná kẹ́ ẹ tó san owó tí wọn ò ní dá padà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọdún Àjíǹde. Kò sí ọdún tí wọ́n ń ṣe ní Kírétè tó tó o, Kérésìmesì gan-an kò tó o. Ìdílé á wá lọ lásìkò Àjíǹde ti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á bá ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì etíkun ní títì, wọn ò sì ní rí ọ̀kan nínú ẹyin pupa tí wọ́n máa ń kùn fún Àjíǹde níbẹ̀. Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, tí ọ̀pọ̀ ará Kírétè ń lọ, ní kàlẹ́ńdà tiwọn. Ní 2027, Àjíǹde tiwa bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, tiwọn bọ́ sí ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún. Ẹ wo ọjọ́ tiwọn kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Torí bẹ́ ẹ bá bá a pàdé, ẹ ò ní gbàgbé rẹ̀. Lálẹ́ Sátidé, ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, wọ́n á pa gbogbo iná ṣọ́ọ̀ṣì. Òkùnkùn biribiri. Àlùfáà á wá gbé àbẹ́là kan tó ń jó jáde, èyí á tan tirẹ̀ lára rẹ̀, tọ̀hún á tan tirẹ̀ lára tèyí, títí gbogbo àgbàlá á fi mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ní "Christos anesti" (Kristi ti jíǹde), ẹ dáhùn pé "Alithos anesti" (Ó jíǹde lóòótọ́). Ẹni tó bá gbé iná náà délé láìjẹ́ kó kú á fi èéfín rẹ̀ ya àgbélébùú sókè ẹnu ọ̀nà. Ẹ ra àbẹ́là fún àwọn ọmọ, ẹ má dúró sẹ́yìn kẹ́ ẹ máa ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọmọ kékeré sún mọ́ òkìtì igi tí wọ́n ti ń sun ère Júdásì. Nọ́káòtù tó ń dún níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Àfonífojì Samaria, ti Kírétè, kì í ṣe Samáríà inú Bíbélì, náà ti tan ọ̀pọ̀ òbí. Wọ́n á ní ìsàlẹ̀ ṣáà ni a ń lọ, kò lè le. Láti Xyloskalo, tó ga ju mítà 1,200 lọ, ni èèyàn á ti máa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta títí dé etí òkun, wákàtí mẹ́rin sí méje. Bẹ́ ẹ bá dé abúlé Agia Roumeli nísàlẹ̀, kò sí ọ̀nà mọ́tò, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó èèyàn jáde. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rọ́ lójú ọ̀nà, ìbaaka ló máa gbé e. Bàtà sílípáàsì kò tó o lọ. Bí ọmọ yín kò bá tíì tó ọdún mẹ́wàá, àfonífojì Imbros, tó jẹ́ kìlómítà mẹ́jọ, ni mo máa mú fún un. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rí Samaria dandan, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Agia Roumeli, kẹ́ ẹ gba ìsàlẹ̀ rìn dé ibi tí ògiri òkúta méjèèjì ti fẹ́ẹ̀ kanra.

Bẹ́ ẹ bá jẹun tán ní ilé oúnjẹ, wọ́n á gbé èso tàbí nǹkan dídùn wá, pẹ̀lú ọtí raki nínú ìgò kékeré. Àwọn èèyàn wa á ní, "A ò bèèrè fún un o," wọ́n á tì í padà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, àlejò ni wọ́n fi ń ṣe yín. Bí bàbá àgbàlagbà kan ní ilé kọfí abúlé bá sì sanwó ohun tẹ́ ẹ mu, ẹ má sáré yọ owó láti san án padà fún un, ìwọ̀sí ni. Ẹ dúpẹ́. Ẹni tí kì í mu ọtí, kó gbé ọwọ́ lé àyà, kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fún un ní kọfí.

Ọwọ́ kan náà lè dá ìjà sílẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ márùn-ún, tẹ́ ẹ fẹ́ oúnjẹ márùn-ún, ẹ má na àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú ìka márààrún sí ẹni tó ń gbé oúnjẹ. Wàká ni lọ́dọ̀ tiwọn náà, bó ṣe rí nílé gẹ́lẹ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ sí i, kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tó bá ń juwọ́.

Ẹ mú ìborùn àti aṣọ tó bo orúnkún dání fún ilé àwọn mọ́ńkì. Lọ́sàn-án ìgbà ooru, láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún ààbọ̀, ará ilé ń sùn, kí àwọn ọmọ má pariwo. Tíṣù ilé ìgbẹ́, inú bínì lẹ máa jù ú sí, páìpù wọn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má bu iyanrìn olómi-pupa Elafonisi sínú ìgò, èèwọ̀ ni. Ní etíkun Rethymno, ìjàpá òkun máa ń yé ẹyin sínú iyanrìn láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹjọ. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí ọgbà kékeré tí wọ́n fi yí ojú kan ká, ẹ má gún agbòòrùn síbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Tó bá di alẹ́, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì létí omi, torí ìmọ́lẹ̀ ló máa ń ṣi àwọn ọmọ ìjàpá lọ́nà, wọ́n á kọrí sí títì dípò òkun.