Ẹ Gbé Ike Oògùn Yín Dání Tẹ́ ẹ Bá Ń Lọ Fètò Sọ́mọ Bíbí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa nílé lóko, láti Tàkíé nínú Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Ìkòyí-Ilé àti gbogbo abà tí wọ́n ti ń ṣa kajú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kòkòrò HIV lára tẹ́ ẹ sì ń lo oògùn yín lójoojúmọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kí bàbá ilé náà jọ̀ọ́ bá wa gbọ́ ọ torí ọmọ bíbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan.

Kò sẹ́ni tó láṣẹ láti sọ pé kẹ́ ẹ má bímọ torí HIV. Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn déédéé, tí wọ́n sì ṣe tẹ́sì viral load, ìyẹn èyí tó ń sọ bí kòkòrò ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, tí kòkòrò yẹn ò hàn mọ́, ẹ ò ní kó o ran ọkọ yín nípasẹ̀ ìbálòpọ̀. Ìyá tí ò lo oògùn rárá, nínú ọmọ 100, bíi 15 sí 45 ló lè kó o, àmọ́ tí ìyá àtọmọ bá ń gba ìtọ́jú bó ṣe yẹ kì í tó 5. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ bí i, tàbí pé ó ti tó.

Obìnrin kan wà tó ń yan gàrí, ó jókòó síwájú mi lọ́jọ́ kan, ó tọwọ́ bọ báàgì ó fa ike oògùn ẹ̀ yọ. Ó ti ya bébà ara ẹ̀ dànù káwọn èèyàn má baà kà á, ó tún wá ki òwú bọ inú ẹ̀ kí oògùn má máa dún ṣaraṣara tó bá ń rìn. Mo fọwọ́ kan apá ẹ̀, mo kan igi Jadelle méjì tín-ín-rín tí wọ́n fi ń fètò sọ́mọ bíbí lábẹ́ awọ, èyí tó yẹ kó lò fún ọdún 5, síbẹ̀ oyún oṣù mẹ́rin ti wà níkùn ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi Jadelle sí i wọ́n bi í pé ṣé ó ń lo oògùn kankan, ó ní rárá, torí ará àdúgbò ẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì tó jókòó sí. Mi ò lè bá a wí, ẹ̀rù ẹnu ayé kì í ṣe kékeré.

Efavirenz ni oògùn HIV tó ń lò nígbà yẹn, èyí tí wọ́n máa ń ní kéèyàn lò lálẹ́, tó máa ń jẹ́ kí òòyì kọ́ni tó sì máa ń jẹ́ kéèyàn lá àlákálàá. Oògùn yẹn máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè lọ èyí tó wà nínú Jadelle àti Implanon, tí wọ́n jọ ń fi sápá, dànù, kò wá ní í tó lára mọ́, ó sì máa ń dín agbára oníhóró tí wọ́n ń gbé mì àti Postinor tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kù. TLD, oògùn HIV tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà báyìí, dolutegravir ló wà nínú tiẹ̀, kì í bá wọn jà. Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyí pé kẹ́ ẹ gbé ike yẹn dání, ẹ má ya bébà ara ẹ̀ dànù, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ ya á ẹ gé ibi tí orúkọ oògùn wà sínú pọ́ọ̀sì.

Ẹni tó ń gba ìtọ́jú ikọ́ ife náà, ẹ ṣọ́ra, rifampicin ibẹ̀ tó ń jẹ́ kí ìtọ̀ pọ́n bíi Fanta burú ju efavirenz lọ lórí ọ̀rọ̀ tapá, ìyẹn Jadelle àti Implanon, àti oníhóró.

Abẹ́rẹ́ Depo olóṣù mẹ́ta kò ní ìjà pẹ̀lú efavirenz. Tí kajú bá dí yín lọ́wọ́ tọ́jọ́ fi lé ní bí ọ̀sẹ̀ 1 tàbí 2, ẹ ṣì lọ, wọ́n á gún un fún yín, ẹ má torí pé ẹ pẹ́ jókòó sílé. Copper T tí wọ́n ń fi sílé ọmọ náà ò bá oògùn kankan jà torí kọ́pà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì lè tó ọdún 10, àmọ́ nǹkan oṣù lè pọ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹni tí àìsàn sì ṣì dá gúnlẹ̀ kó jẹ́ kí ara yá ná kó tó fi sí i.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ ṣe, ẹ fi kọ́ńdọ̀mù kún un, pàápàá tí viral load ò tíì wálẹ̀, torí Depo ò lè dá àtọ̀sí dúró. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n fi nonoxynol-9, kẹ́míkà tó ń pa àtọ̀, pa lára, ó máa ń bó ojú ara.

Tẹ́ ẹ bá ti ní tapá lára tẹ́ ẹ sì ń lo efavirenz, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá oògùn HIV dúró fúnra yín o, ẹ má sì ní kí ẹnikẹ́ni yọ tapá nílé, ẹ padà lọ bá nọ́ọ̀sì kí wọ́n yí ọ̀kan padà, kẹ́ ẹ máa lo kọ́ńdọ̀mù títí dìgbà náà.

Tí èrò bá pọ̀, ẹ ò ní láti dáhùn lójú gbogbo èèyàn. Ẹ kàn sọ fún wọn pé, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ rí yín ní kọ̀rọ̀," tẹ́ ẹ bá wọlé tán kẹ́ ẹ wá fa ike yọ. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2014 ò gbà kí wọ́n yà yín sọ́tọ̀ torí HIV, ẹ̀tọ́ yín sì ni kí ọ̀rọ̀ yín má jáde síta.