Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Ọmọ Ọdún Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Sọ̀rọ̀

Ẹ má pè é jókòó sí pálọ̀. Nílé wa ní Iléṣà, bí mo bá ti ní "wá, mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀", ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti di ère nìyẹn. Ẹ̀gúsí ni mo máa ń gbé síwájú rẹ̀ kó máa bó o, èmi náà á sì jókòó tì í. Bí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, tí ojú ò ko ojú, ọ̀rọ̀ á máa jáde fúnra rẹ̀.

Ẹ má bi í pé "iléèwé ńkọ́?" "Ó dáa" lẹ máa gbọ́. Ẹ bi í pé iṣẹ́ tíṣà wo ló ti máa ń sùn. Tèmi ní ti Fisíìsì, torí nóòtì ni tíṣà ń kọ sójú pátákó látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èmi tí mo ti ń pè é lọ́lẹ!

Bó bá kan ẹbí, ẹ panu mọ́. Ó ní a máa ń fi òun wé ẹ̀gbọ́n òun. Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ àgbáyé? Ìtòsí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo dárúkọ àwọn tó ń wa wúrà ní Ìtagúnmódì, àti bí omi Ọ̀ṣun ṣe pọ́n bí ẹrẹ̀. Ló bá nawọ́ sí fóònù mi: "Àǹtí, wúrà díẹ̀ wà nínú tiyín náà o." Ó gbàgbé ẹ̀gúsí, ó ń bi mí ta ló ń rà á lókè òkun. Mi ò mọ̀. Mo ní ká jọ wá a.