Bí a ṣe ń tú nọ́ńbà ńlá palẹ̀: 720,720 la fi ṣe àpẹẹrẹ

Owó tí ẹgbẹ́ àjọ wa ní Kubwa, l'Ábújá níbí, fẹ́ pín ní ìparí ọdún jẹ́ ₦720,720. Àwa 16 ni orúkọ wa wà nínú ìwé. Kí akápò tó mú kalikulétọ̀ ni mo ti sọ pé yóò pín dọ́gba, kọ́bọ̀ kan ò ní ṣẹ́kù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi mọ̀?" Ohun tí mo fi mọ̀ nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí nọ́ńbà náà. Òdo ló fi parí, nítorí náà 2, 5 àti 10 pín in. Ní ti 16, díjíìtì mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nìkan lẹ máa wò, torí pé 16 pín 10,000 láìṣẹ́kù. 0720 ni mẹ́rin ọ̀hún. Tí ẹ bá fi 16 pín 720, 45 ni. Ó parí.

Lẹ́yìn náà, ẹ ro àwọn díjíìtì pọ̀: 7+2+0+7+2+0 = 18. 9 pín 18, nítorí náà 9 pín gbogbo rẹ̀, 3 náà sì pín in.

Ibi tó dùn jù ló kàn. Ẹ fi ọwọ́ bo ìdajì nọ́ńbà náà: 720 lẹ máa rí. Ẹ gbé ọwọ́ lọ sí ìdajì kejì: 720 náà ni. Ìyẹn ni pé 720,000 àti 720 ló para pọ̀, èyí tí í ṣe 720 × 1,001. Bẹ́ẹ̀, 7 × 11 × 13 ló ń jẹ́ 1,001! Nọ́ńbà oní-díjíìtì mẹ́ta yòówù tí ẹ bá kọ lẹ́ẹ̀mejì, 7, 11 àti 13 gbọ́dọ̀ pín in. Ọmọ kan tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìnnì kò gbà, ló bá kọ 345345. Ó fi 7 pín in, ó di 49,335. Ó fi 11 pín ìyẹn, ó di 4,485. Ó fi 13 pín in, 345 tirẹ̀ padà sọ́wọ́ ọ. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ní báyìí, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ:

720,720 = 2×2×2×2×3×3×5×7×11×13

Ẹ fẹ́ mọ iye nọ́ńbà tó lè pín in? Ẹ lè má mú 2 rárá, ẹ sì lè mú un títí dé ẹ̀ẹ̀mẹrin: ọ̀nà 5 nìyẹn. Ti 3 jẹ́ ọ̀nà 3. Àwọn mẹ́rin yòókù, ẹ mú un tàbí ẹ fi í sílẹ̀: ọ̀nà 2, 2. 5×3×2×2×2×2 jẹ́ 240. Kò sí nọ́ńbà tó kéré sí i tí àwọn tó pín in pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òun náà ló sì kéré jù nínú gbogbo nọ́ńbà tí 1 títí dé 16 lè pín láìku ọ̀kan.

₦45,045 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ká ní a jẹ́ 15 ni, ₦48,048 ni. Ká ní a jẹ́ 13, ₦55,440. Tí a bá di 17, ₦42,395 ni, ₦5 á sì ṣẹ́kù.