Ohun tí ojú mi rí ní báńkì kí n tó padà sípò alága SBMC

Owó tí mo ná kí n tó padà sípò alága SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn òbí, olùkọ́ àti ará ìlú tó ń bá wọn mójú tó ilé-ìwé, ní ilé-ìwé àwọn ọmọ wa ní Ẹ̀pẹ́ ju èyí tí mo ná nígbà àkọ́kọ́ lọ, kò sì sí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀ tí mo fi ra ìbò. Wàhálà báńkì ló jẹ ẹ́: owó ọ̀kadà, owó fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, owó fọ́tókọ́pì, owó ìwé ìbúra ní kóòtù, àti ẹja tí mi ò lè tà ní ọjà Olúwo nígbà tí mo wà lórí ìjókòó báńkì. Ẹja tó bá sì sùn mọ́jú, àbọ̀ owó la ń tà á.

Ó dùn mí wọra torí pé ìwé owó wa mọ́. Nígbà tí ìjì ká páànù kíláàsì kan, àwa la dáwó jọ, a ra páànù, a san owó káfíńtà, mo sì so gbogbo rìsíìtì mọ́ ìwé, títí kan ti ìṣó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tówó wọlé sí, kó ṣí i kó kà á.

Gbígba fọ́ọ̀mù láti tún díje ò le, mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ti wà nípò ni pé kó gba stétímẹ́ǹtì wá láti báńkì, kí wọ́n lè fi wé ìwé tó ń kọ. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́.

Àwa mẹ́ta là ń buwọ́ lùwé lórí àkáǹtì náà: èmi, akápò, àti ọ̀gá ilé-ìwé tó jẹ́ akọ̀wé wa. Wọ́n sì ti gbé ọ̀gá lọ sápá Ejìnrìn. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ní, "Mummy, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa buwọ́ lu lẹ́tà kí á tó lè tẹ̀ ẹ́ jáde." Mo gba Ejìnrìn lọ. Ọ̀gá yọ̀ mọ́ mi, ó fún mi lómi, ṣùgbọ́n ó ní òun ti fa gbogbo nǹkan lé ẹni tó rọ́pò òun lọ́wọ́, òun ò lè tọwọ́ bọ owó ilé-ìwé tóun ò sí mọ́. Mi ò bá a wí.

Mo wá ní kí báńkì fi orúkọ ọ̀gá tuntun rọ́pò. Wọ́n ní kí n mú lẹ́tà wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí n mú àkọsílẹ̀ ìpàdé tí alága buwọ́ lù, kí gbogbo wa mú BVN àti NIN. Orúkọ akápò wa lórí NIN fi "h" kan ṣoṣo lé sí ti báńkì. Torí "h" yẹn la ṣe lọ búra ní kóòtù.

Mo kó gbogbo rẹ̀ dé iwájú mánéjà. Ó ka lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀, ó gbójú sókè: "Mà, wọ́n ní sáà ìgbìmọ̀ yín ti parí. Ẹ kì í ṣe alága mọ́, ẹ ò lè buwọ́ lu àkọsílẹ̀ ìpàdé. Kí ìgbìmọ̀ tuntun wá." Ìgbìmọ̀ tuntun wo, nígbà tí a ò tíì dìbò? Mi ò lè díje láìsí ìwé báńkì, báńkì ò sì ní fún mi níwèé àfi tí mo bá wọlé! Inú bí mi débi pé mi ò lè fèsì. Ọmọ tí òjò ń pa ní kíláàsì, ta ló máa ṣàlàyé èyí fún un?

Bàbá kan tó ti pẹ́ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ló tú u. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ àtijọ́ ló ń mójú tó àkáǹtì títí tí ìgbìmọ̀ tuntun á fi gbà á. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sínú lẹ́tà." Gbólóhùn kan péré ni. Mánéjà kà á, ó pààrọ̀ orúkọ, stétímẹ́ǹtì jáde. Ó bá ìwé mi mu dórí kọ́bọ̀, títí kan owó tí báńkì ń yọ.

Láti 2005 ni Ìgbìmọ̀ Orílẹ̀-èdè lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ti fọwọ́ sí i pé kí ilé-ìwé ní SBMC, kò yẹ kí nǹkan báyìí ṣì máa ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nípò, ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbé ọ̀gá yín lọ, kó tó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ẹ mú òun àti ẹni tó rọ́pò rẹ̀ lọ sí báńkì pọ̀. Ẹ sì gba gbólóhùn bàbá yẹn sílẹ̀ kí sáà yín tó parí.

Ní ti ìbò, àwọn òbí, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́-jáde, oníṣẹ́ ọwọ́, ìmáàmù, pásítọ̀ àti aṣojú baálẹ̀ ló péjọ. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló bá mi díje. Ẹnì kan béèrè owó páànù, mo ka stétímẹ́ǹtì sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí wọ́n tò sẹ́yìn wa, ìlà tèmi gùn dé ẹnu ọ̀nà. Owó tó kù la máa fi ṣe ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin, káfíńtà ti wá wọ̀n ọ́n.