Ẹ wò ó bóyá ilé kan ṣoṣo ló ń darí ìlà yín

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe regression (fífa ìlà tó bá dátà mu jù, láti fi ohun kan ṣírò òmíràn) fún iṣẹ́ ìwádìí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó kọ èsì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ń fi iye yàrá ṣírò owó ilé n'Íbàdàn. Ilé Agbowó, Òjòó àti Mọ́kọ́lá ló pọ̀ jù nínú dátà, yàrá kan sí mẹ́ta. Ẹ wá fi ilé ńlá oníyàrá mẹ́wàá kan ní Bódìjà kún un. Torí pé òun nìkan ló dá wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó lè fa ìlà yẹn mọ́ra. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyí: bí ìlà bá ti sún mọ́ ọn, residual rẹ̀ (àlàfo tó wà láàárín owó ilé náà gan-an àti iye tí ìlà sọ) á kéré, ẹ ò sì ní fura.

Nínú ọ̀kan lára dátà mẹ́rin tí onímọ̀ ìṣirò dátà Frank Anscombe gbé jáde ní 1973, x jẹ́ 8 níbi mẹ́wàá, ó jẹ́ 19 níbi kan péré. Ẹ yọ ẹyọ kan yẹn, kò sí ìlà mọ́.

Ní R, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà, ẹ tẹ cooks.distance(model); model ni orúkọ tí ẹ fún regression yín. Á sọ bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí èsì yín padà tó. Èyí tó bá ju 4 tí ẹ fi iye ilé pín lọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má kàn pa á rẹ́ o! Ẹ padà sí fọ́ọ̀mù, bóyá wọ́n fi òdo kan kún owó náà. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú rẹ̀ àti láìsí i, kẹ́ ẹ sì kọ èsì méjèèjì síwèé.